Ìlà tó ń yọ ní gbogbo mílímítà 31: àkọsílẹ̀ àtúnṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀ fáínílì àgbà kan

Ẹ̀rọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ń tẹ àwòrán sórí fáínílì, ìyẹn ike pẹlẹbẹ tí a fi ń ṣe stíkà. Ó fẹ̀ tó ínṣì 54, ínkì eco-solvent ló ń lò, ó sì máa ń gé stíkà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tó bá tẹ̀ ẹ́ tán. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni wọ́n kà sí i lọ́rùn. Àkọ́kọ́, àwòrán yòówù tó bá ní àwọ̀ tó tẹ́jú, bí ojú ọ̀run tàbí ẹ̀yìn pátákó aláwọ̀ ewé, ló ń fa ìlà síbùú. Èkejì, lẹ́tà kéékèèké tó bá bọ́ sí apá ibì kan lórí fáínílì máa ń ní òjìji, bí ẹni pé a tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tí méjèèjì kò sì bára mu. Ẹ̀kẹta ló ń bí wọn nínú jù: kẹ́réèjì, ìyẹn àpótí tó gbé hẹ́ẹ̀dì (ẹ̀yà tó ń tu ínkì sórí fáínílì) sáré lọ sáré bọ̀, máa ń dúró gbagidi láàárín iṣẹ́, ẹ̀rọ á kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé mọ́tò ní àṣìṣe, fáínílì tí wọ́n ti tẹ̀ dé ìdajì á sì di ìdànù.

Kí wọ́n tó pè mí ni wọ́n ti fẹnu kò pé àwọn yóò ra hẹ́ẹ̀dì tuntun nítorí ìlà, àwọn yóò sì ra mọ́tò nítorí ìdádúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lo ẹ̀rọ náà lójoojúmọ́ sọ fún mi pé, "Ọ̀gá, ẹ ṣáà bá wa fi hẹ́ẹ̀dì yẹn sí i. A ti fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́, kò yí padà." Gbólóhùn yẹn gan-an ló jẹ́ kí n fura pé ẹjọ́ hẹ́ẹ̀dì kọ́. Hẹ́ẹ̀dì tó dí máa ń dáhùn sí fífọ̀. Ó lè dára sí i, ó sì lè burú sí i, àmọ́ kì í sábà dúró sójú kan. Ìlà tí fífọ̀ kò tún ṣe, tí fífọ̀ kò sì bà jẹ́, ibòmíràn ló sábà ti ń wá. Fífọ̀ àfọ̀túnfọ̀ sì ń jẹ ínkì, ó ń yára kún ìgò ìdọ̀tí, ó sì ń jẹ rọ́bà tó ń nu hẹ́ẹ̀dì.

Mo kọ́kọ́ tẹ ìwé àyẹ̀wò ihò ínkì. Ihò mélòó kan ló sọnù nínú àwọ̀ magenta, àwọn tó kù pé. Ẹ̀rọ tó ti dàgbà tó yìí, ìyẹn kò tó ohun tó ń da omi àlàáfíà rú. Mo wá ya ọ̀pá mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí kọ̀ǹpútà: cyan, magenta, yellow àti dúdú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mílímítà 400 lójú ọ̀nà tí fáínílì ń gbà jáde. Mo tẹ̀ wọ́n pọ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí ni pé àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ihò tirẹ̀. Bí ihò bá dí, àwọ̀ tó ni ihò yẹn nìkan ni yóò fi hàn. Ṣùgbọ́n bí ìlà kan náà bá la ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá ní ipele kan náà, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n jọ ní ni fáínílì tó wà lábẹ́ wọn àti bó ṣe ń rìn. Bó sì ṣe rí nìyẹn. Mo gbé rúlà irin lé e: ìlà náà lọ tààrà láti cyan dé dúdú, àfi nínú yellow tí ojú kò ti lè rí i dáadáa.

Nígbà tí mo fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó, ìlà méjì ló wà níbẹ̀. Funfun tín-ín-rín kan ló ṣáájú, dúdú tín-ín-rín kan sì tẹ̀ lé e gbágbáágbá. Èyí sọ nǹkan pàtàkì fún mi. Ìlà funfun túmọ̀ sí pé fáínílì rìn ju bó ṣe yẹ lọ, tí àlàfo sì yọ. Ìlà dúdú túmọ̀ sí pé ó rìn dín, tí ínkì gun orí ínkì. Kó rìn jù, kó wá rìn dín lẹ́sẹ̀ kan náà, kí àṣìṣe méjèèjì sì pa ara wọn rẹ́, ohun tó ń yí po ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí nọ́ńbà ìfà inú ẹ̀rọ, èyí tó ń sọ bí fáínílì yóò ṣe rìn tó nígbà kọ̀ọ̀kan, bá ṣìnà, ẹyọ kan nínú méjèèjì la máa rí, á sì wà káàkiri.

Ìwọ̀n tó wà láàárín ìlà kan sí èkejì ni mo wá gbájú mọ́. N kì í wọn àlàfo kan ṣoṣo, torí ojú lè tan èèyàn jẹ. Mo wọn àlàfo mẹ́wàá pọ̀, ó jẹ́ mílímítà 314, mo pín in, ó di 31.4. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn wà lọ́kàn yín, torí òun ló ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú àtúnṣe yìí.

Ìlà ihò tó wà lára hẹ́ẹ̀dì ẹ̀rọ yìí gùn ní ínṣì kan, ìyẹn mílímítà 25.4. Tí a bá ń tẹ̀wé ní pass mẹ́jọ, ìyẹn kí hẹ́ẹ̀dì kọjá lórí ojú kan nígbà mẹ́jọ kó tó parí, ìdá kan nínú mẹ́jọ ìyẹn ni fáínílì máa ń rìn nígbà kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí mílímítà 3.2. Ká ní nọ́ńbà ìfà ló ṣìnà ni, gbogbo mílímítà 3.2 ni ìlà ì bá ti máa yọ. Tiwa fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá jìnnà sí ara wọn. Mo fi káálípà wọn rólà ìsàlẹ̀, èyí tí ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki tó ń fa fáínílì: mílímítà 30 ni ìdábùú òbíríkítí rẹ̀, nítorí náà bó bá yí po lẹ́ẹ̀kan, fáínílì rìn mílímítà 94.2. Rólà tó wọ́ tàbí tí ìdọ̀tí lẹ̀ mọ́ lára, gbogbo mílímítà 94 ni yóò máa fi àmì sílẹ̀. Kì í ṣe òun náà.

Nígbà náà ni mo ka eyín. Púlì kékeré tó wà lórí mọ́tò ìfà ní eyín 20, púlì ńlá tó wà ní ìparí rólà ní 60, bẹ́líìtì tó so wọ́n pọ̀ sì ní 120. Ó túmọ̀ sí pé nígbà tí rólà bá yí lẹ́ẹ̀kan, púlì kékeré ti yí lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ pín 94.2 sí mẹ́ta: 31.4. Ká ní bẹ́líìtì ló ní àrùn lójú kan, ojú kan yẹn kì bá tí padà wá títí rólà á fi yí lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn mílímítà 188. Ohun tó ń dà wá láàmú jókòó sórí púlì kékeré tàbí lórí ọ̀pá mọ́tò rẹ̀. Gbogbo èyí, mi ò tíì fọwọ́ kan síkúrù kankan nínú ẹ̀yà tó ń yí, àfi ìdérí ẹ̀gbẹ́ tí mo ṣí kí n lè ka eyín.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló ń kánjú dé ibi síkúrù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀ fáínílì yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ mìíràn nítorí pé ọ̀pọ̀ àìsàn rẹ̀ ló ń kọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n, lórí nǹkan tí a lè tẹ́ sórí tábìlì kà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka eyín púlì ẹ̀rọ yín lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ yá, kí ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìdérí.

Mo pa iná, mo yọ okùn iná lára ògiri, mo gbé àwọn rólà ìtẹ̀mọ́lẹ̀, àwọn tó ń tẹ fáínílì mọ́ rólà ìsàlẹ̀, sókè kí ìfà má bàa le, mo sì fi máákà funfun sàmì sí eyín kan lórí púlì kékeré. Mo wá ń fọwọ́ yí rólà díẹ̀díẹ̀, mo fi àtàǹpàkò kejì lé ẹ̀yìn bẹ́líìtì. Gbogbo ìgbà tí àmì funfun bá yí dé apá ìsàlẹ̀ ni bẹ́líìtì ń le díẹ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò mi, tó sì tún ń dẹ̀. Ojú kò rí i, ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́. Nínú àfo kan láàárín eyín méjì, nǹkan eérú kan ń dán, ó fẹ̀ bí ìdajì èékánná. Fáínílì ni. Àjákù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó já lára stíkà nígbà tí ọ̀bẹ ẹ̀rọ ń gé e ló bọ́ sínú ihò ẹ̀gbẹ́, gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ mú púlì, bẹ́líìtì sì ti ń tẹ̀ ẹ́ láti ìgbà náà títí ó fi le bí ike tí a yọ́ síbẹ̀.

Ohun tó fi dá mi lójú pé ó ti pẹ́ níbẹ̀ ni ara bẹ́líìtì. Eyín mẹ́fà ló ti ní àpá, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fi eyín 20 jìnnà sí èkejì láìyẹ̀. Ìṣirò náà rọrùn: 20 lọ nínú 120 lọ́nà mẹ́fà gééré, nítorí náà eyín mẹ́fà kan náà ló ń bá ìdọ̀tí yẹn pàdé láti ọjọ́ tó ti débẹ̀, àwọn tó kù kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Márùn-ún nínú wọn kàn dán lórí ni. Ẹ̀kẹfà ti ya létí.

Mo rẹ owú sínú isopropyl (ọtí ìfọ̀ tó máa ń tètè gbẹ), mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ kí gọ́ọ̀mù rọ̀, mo sì fi igi tín-ín-rín họ ọ́ jáde. Ẹ má fi irin họ eyín púlì, pàápàá bó bá jẹ́ alumíníọ́mù. Àpá tí irin bá fi síbẹ̀ yóò máa jẹ bẹ́líìtì. Ẹ má sì jẹ́ kí bẹ́líìtì mu omi ìfọ̀ yẹn. Àwọn kan lè bi mí pé kí ló dé tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Lórí ẹ̀rọ yìí, ẹ̀yìn mọ́tò ni ohun tó ń ka ìyípo wà. Mọ́tò yí bó ṣe yẹ kó yí, kíkà rẹ̀ sì pé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mọ́tò, lórí bẹ́líìtì, kò sí ojú tó ń wò ó.

A dá gbogbo rẹ̀ padà, a tún tẹ ọ̀pá mẹ́rin yẹn. Ìlà funfun òun dúdú ti lọ. Ṣùgbọ́n ìlà dúdú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó pọ̀ gan-an ti gba ipò rẹ̀. Ojú ọ̀dọ́mọkùnrin náà yí padà. "Ọ̀gá, ó tún ti dé o." Mo na rúlà sí i, mo ní kó wọ̀n ọ́n. Ó wọn àlàfo mẹ́wàá: mílímítà 32. Ìlà mìíràn nìyí, orísun mìíràn. Mílímítà 3.2 ni ìgbésẹ̀ pass mẹ́jọ, nọ́ńbà ìfà ló ń sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ti rí ìlà funfun tẹ́lẹ̀, ó sì ti wọ inú àkójọ ètò ẹ̀rọ lọ dín ìfà kù kí àlàfo funfun lè pa dé. Ó bo ìdajì àìsàn, ó sì dá òmíràn sílẹ̀ tí àìsàn àkọ́kọ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí. Lórí ẹ̀rọ àgbà, mo máa ń retí irú èyí. Àtúnṣe àwọn tó ti kọjá ṣì wà nínú rẹ̀, kì í sì í sábà sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Láti tún ìfà ṣe, a tan iná ìgbóná, a sì dúró títí fáínílì fi gbóná dé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. PVC ni fáínílì, ooru máa ń mú un rọ̀, ó sì máa ń nà. Nọ́ńbà tí a bá gbà nígbà tó tutù kò wúlò lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan. A tú fáínílì sílẹ̀ lára róòlù kó má bàa máa fa ara rẹ̀ sẹ́yìn. A ní kí ẹ̀rọ tẹ àmì méjì tó jìnnà síra ní mílímítà 500. Ohun tó jáde jẹ́ 498.5. Ó dín ní ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún. A fi kún un, a tún tẹ̀ ẹ́. Rúlà máa ń gbé èèyàn dé tòsí, ojú ló ń parí rẹ̀: a tẹ àwọ̀ eérú tó tẹ́jú, a sì ń sún nọ́ńbà náà díẹ̀díẹ̀ títí ìlà dúdú fi lọ tí funfun kò sì tíì dé. Mo ní kí wọ́n ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún oríṣi fáínílì kọ̀ọ̀kan, torí fáínílì cast tó fẹ́lẹ́ bíi máíkírónì 50 kì í rìn bíi calendered tó nípọn tó 80 sí 100.

Òjìji lẹ́tà àti mọ́tò tí kò ṣẹ̀

Ẹ̀sùn kejì àti ẹ̀kẹta wá di ọ̀kan ṣoṣo. Mo kọ lẹ́tà kéékèèké kan náà láti etí ọ̀tún dé etí òsì fáínílì. Lẹ́tà dára, ó dára, ó dé nǹkan bí mílímítà 380 sí etí ọ̀tún, ó ní òjìji, ó sì tún dára padà. Mo sún gbogbo ọ̀rọ̀ náà sí òsì, mo tún tẹ̀ ẹ́. Òjìji kò bá lẹ́tà lọ. Ó dúró sí 380 rẹ̀, lẹ́tà mìíràn ló sì kàn. Àìsàn tó bá ń bá àwòrán rìn, kọ̀ǹpútà ni kí ẹ bi. Èyí tó bá dúró sójú kan lórí ẹ̀rọ, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ wò.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni ọ̀já encoder, ọ̀já ike tó mọ́ gaara tó nà láti ìparí kan ẹ̀rọ dé èkejì lẹ́yìn kẹ́réèjì. Ìlà 180 ló wà nínú ínṣì kan rẹ̀, ìyẹn ìlà kan ní gbogbo ìdá mílímítà 0.14. Sẹ́ńsọ̀ tó wà lẹ́yìn kẹ́réèjì ń tan iná láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń gbà á ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì ń ka ìlà tó bá kọjá láàárín. Kíkà yẹn ni ẹ̀rọ fi ń mọ ibi tí hẹ́ẹ̀dì dé àti ìgbà tó yẹ kó tu ínkì. Ìkùukùu ínkì tó ń fò nínú ẹ̀rọ máa ń rọra bà lé e lọ́dọọdún. Lórí ọ̀já tiwa, gírísì pẹ̀lú ti tò sí i ní 380 yẹn, mo sì rí ojú ìka ẹnì kan nínú rẹ̀ kedere.

Bí ìdọ̀tí bá dí ìlà díẹ̀, kíkà á ṣìnà, ínkì á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó yẹ: òjìji nìyẹn. Bó bá dí ìlà tó pọ̀, ẹ̀rọ á máa fún mọ́tò ní iná, kò sì ní rí ìlà kankan tó ń kọjá. Lójú tirẹ̀, kẹ́réèjì ti há. Á pa mọ́tò kó má bàa jóná, á sì kọ ọ́ pé mọ́tò ní àṣìṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn kò sọ pé mọ́tò bà jẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé ìrìn tí òun ń retí, òun kò rí i. Owó mọ́tò tuntun ì bá ṣòfò, torí ìdádúró á ṣì máa wà ní ojú ibi kan náà.

Mo fi aṣọ rírọ̀ tí kì í bọ́ ìwú, tí mo rẹ sínú omi díẹ̀ pẹ̀lú isopropyl, nu ọ̀já náà láti ìparí kan dé èkejì láìpadà sẹ́yìn, mo wá fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ lé e. Omi ìfọ̀ hẹ́ẹ̀dì kò gbọ́dọ̀ kàn án, acetone kò gbọ́dọ̀ kàn án rárá: wọ́n lè nu àwọn ìlà náà kúrò pẹ̀lú ìdọ̀tí. Ẹ ṣọ́ra fún ìkọ́ àti sípíríǹgì tó fà á le ní ìparí kan. Òjìji dín kù gan-an, kò tán. Sẹ́ńsọ̀ ti fi ara ha ọ̀já náà níbẹ̀, àpá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí aṣọ kò lè nù. Mo tú ìkọ́ rẹ̀ díẹ̀, mo gbé ọ̀já náà sókè bí irun orí kí sẹ́ńsọ̀ lè máa ka ibi tí kò ní àpá. Òjìji lọ pátá. Àtúnṣe onígbà díẹ̀ nìyí, ọ̀já tuntun ni òdodo rẹ̀.

Nígbà tí iná ṣì wà ní pípa, mo fi ìka kan ti kẹ́réèjì láti òpin dé òpin. Ó ń lọ geere, àfi nítòsí ibi tó ti ń sinmi, níbi tí ínkì tó gbẹ ti gbára jọ. Mo fọ ibẹ̀, mo nu irin tó ń rìn lórí rẹ̀, mo sì fi epo díẹ̀ sí i gẹ́gẹ́ bí ìwé ẹ̀rọ ṣe sọ. Mo sì kìlọ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà gidigidi nípa ọ̀já wáyà pẹlẹbẹ tó lọ sínú hẹ́ẹ̀dì: kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án tí iná bá wà, kí wọ́n má sì dá a padà tó bá tutù fún ínkì. Ìṣẹ́jú àáyá kan tó láti jó hẹ́ẹ̀dì àti bọ́ọ̀dù pọ̀.

Rólà ìtẹ̀mọ́lẹ̀ kan ní apá òsì ti le, ó sì ti ní ojú pẹlẹbẹ, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ gígùn fi ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Wọn ò tilẹ̀ kà á mọ́ ẹ̀sùn, ó ti mọ́ wọn lára. A pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kan tó ṣì dára láti apá tí wọn kì í lò.

Mi ò fọwọ́ kan hẹ́ẹ̀dì. Àwọn ihò magenta tó sọnù ṣì sọnù, pass mẹ́jọ sì ń bò wọ́n mọ́lẹ̀. Nínú ọ̀pá mẹ́rin tí a tẹ̀ kẹ́yìn, ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣì la wọn kọjá, tí ẹni tí kò wá a kò ní rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló wọ̀n ọ́n kí n tó sọ fún un: 188. Eyín bẹ́líìtì tó ya létí nìyẹn. Wọ́n ti béèrè bẹ́líìtì tuntun àti ọ̀já encoder. Títí wọ́n á fi dé, pass mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ń lò fún àwọ̀ tó bá tẹ́jú.